Ẹ yé fi adùn ẹnu pín owó àwọn tí kò nílé lórí

Lọ́dọọdún ni ìpàdé lórí owó àwọn tí kò nílé lórí máa ń wáyé ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, àmọ́ díẹ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀ ló mọ̀ pé ó wà. Ìgbìmọ̀ kan á jókòó sẹ́yìn tábìlì, àjọ kọ̀ọ̀kan á máa wọlé wá ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi owó ìjọba ṣe fún àwọn tí kò rílé gbé. Wọ́n á fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á bi í ní ìbéèrè méjì-mẹ́ta, wọ́n á kọ máàkì rẹ̀ sílẹ̀, ó di kí ẹlòmíì bọ́ síwájú. Ohun tí wọ́n bá kọ yẹn wà lára ohun tó máa sọ ẹni tí ìjọba á bá san owó ilé lọ́dún tó ń bọ̀, àti ẹni tí kò ní bá san.

A fara mọ́ ọn pé kí ará ìlú máa dá sí bí wọ́n ṣe ń pín owó yìí. Ohun tí ara wa ò gbà ni pé kí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù máa gbé e lọ.

Òfin McKinney-Vento, tí Ààrẹ Ronald Reagan buwọ́ lù lọ́dún 1987, ni ìpìlẹ̀ ètò náà, àtúnṣe tí Ààrẹ Barack Obama sì buwọ́ lù lọ́dún 2009 ló sọ ọ́ di bó ṣe wà lónìí. HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, kì í ṣàdédé mú àjọ kan. Ìlú àti agbègbè ti para pọ̀ sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní Continuum of Care, wọ́n sún mọ́ 400 káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ló máa to àwọn iṣẹ́ tó ń béèrè owó láti orí èkíní dé èyí tó kẹ́yìn. Ọkàn àwọn tó wà lókè balẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ á lọ bá ti àwọn ìlú mìíràn figa gbága ní Washington. Owó tó wà ńlẹ̀ lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ́dún. Nítorí náà, kí iṣẹ́ kan bọ́ láti ipò kẹfà sí ipò kẹrìndínlógún kọjá ọ̀rọ̀ ìwé. Ìyá àgbàlagbà kan tí àìsàn ọpọlọ ń bá fínra, tó ti fọkàn balẹ̀ sínú yàrá rẹ̀, lè tibẹ̀ padà síta, torí pé ẹni tó lọ gbẹnu sọ fún àjọ tó ń tọ́jú rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń to sílàìdì.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Àjọ ńlá ní òṣìṣẹ́ tó jẹ́ pé ìwé ìbéèrè owó nìkan ló ń kọ, oṣù sì ń parí fún un. Ó mọ ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ fẹ́ gbọ́. Ó ní fọ́tò ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ilé tuntun. Àjọ kékeré, tí obìnrin mẹ́ta péré ń ṣe, tí wọ́n ń wá àwọn èèyàn lọ sábẹ́ afárá lóru, á dé pẹ̀lú ìwé tó ti rún. Òfin tún ní kí ẹni tó bá gba owó náà wá ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kún un láti ibòmíràn, àfi èyí tí wọ́n bá fi háyà ilé. Àjọ kékeré ti ń làágùn kó tó lanu.

Àwọn kan á ní, ó dáa, ẹ jẹ́ ká máa fi nọ́ńbà pín in. Nọ́ńbà wà lóòótọ́. HUD ń béèrè iye àwọn tó rílé gbé tí wọ́n tún padà síta láàárín oṣù mẹ́fà, láàárín ọdún kan, láàárín ọdún méjì. Ìbéèrè gidi ni, a ò bá a jà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà mọ irọ́ pa. Àjọ tó bá ń ṣa àwọn tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn, tí ara wọn le, tí ọtí ò yọ lẹ́nu, èsì rẹ̀ á wuyì lórí ìwé. Èyí tó gba ọkùnrin tó ti sùn síta fún ọdún mẹ́wàá, tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, tó ti sá kúrò nínú ilé méjì tí wọ́n fún un, èsì tiẹ̀ á burú. Bí ìgbìmọ̀ bá ka máàkì láìbéèrè irú ẹni tí wọ́n gbà, ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn àjọ ni pé kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le jù, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni wọ́n tìtorí wọn ya owó sọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí wọ́n da ìbéèrè méjì pọ̀: ta lẹ gbà wọlé, níbo ló sì wà lónìí? Kí sílàìdì dúró ná.

Ẹ wo Houston, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí. Lọ́dún 2011, àwọn tí wọ́n kà lóru ọjọ́ kan pé wọn ò nílé lórí níbẹ̀ lé ní 8,000. Lọ́dún 2024, wọ́n jẹ́ 3,000 àti díẹ̀. Lọ́dún 2024 yẹn kan náà, iye ti odindi Amẹ́ríkà fò dé 771,480, kò sì tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń kà á. Àjọ tó lé ní 100 ní Houston ló gbà láti jọ lo orúkọ kan náà, àkọsílẹ̀ kan náà, àti ìlànà kan náà: ẹ wá ilé fún èèyàn ná, ìtọ́jú á tẹ̀ lé e. Ohun tí ìlú nílò ni wọ́n kọ́kọ́ wò, kí wọ́n tó wá ẹni tó lè ṣe é. Iṣẹ́ ò tíì parí níbẹ̀ o, ẹni tó bá ń gba abẹ́ àwọn afárá ìlú náà kọjá mọ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, HUD gbé ìlànà tuntun jáde tó fẹ́ dín apá owó tó wà fún àwọn iṣẹ́ tó wà lókè, tí ọkàn wọn balẹ̀, kù láti ìdá 90 sí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ìpínlẹ̀ kan gbé e lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ kan ní Rhode Island sì dá a dúró ní oṣù kejìlá. Bó ti wù kí ẹjọ́ náà já sí, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló sọ títo àwọn iṣẹ́ náà ní agbègbè di ọ̀ràn ẹ̀mí.

Ọ̀rọ̀ tó tún ń dùn wá ni ti àwọn tó jókòó síbi tábìlì. Òfin sọ pé ọmọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ Continuum of Care kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ owó àjọ tirẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jáde nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan tirẹ̀, tó tún padà wọlé wá fún àwọn tó ń bá a du owó náà ní máàkì, kí lòfin ọ̀hún ṣe? Ó dín ti ẹlòmíì kù, tirẹ̀ gòkè. Ẹni tí wọ́n ní kó wá pín ẹran kì í gbé àwo dání. Kí ẹnikẹ́ni tí àjọ rẹ̀ bá ń béèrè owó lọ́dún kan má ṣe sí lára àwọn tó ń fúnni ní máàkì lọ́dún náà rárá.

Òfin náà tún ní kí ó kéré tán ẹnì kan tí kò nílé, tàbí tó ti wà láìnílé rí, wà nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Ẹnì kan kò tó. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: wọ́n á ní kó sọ ìtàn ayé rẹ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa bá ohun tí wọ́n ti pinnu lọ. A fẹ́ kí irú wọn tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìgbìmọ̀ tó ń fúnni ní máàkì, kí ìbò wọn lágbára bíi tàwọn yòókù, kí wọ́n sì máa sanwó fún wọn. Àwọn tó kù nínú yàrá yẹn, owó oṣù wọn ń lọ bí wọ́n ṣe jókòó síbẹ̀.

Àwọn tiwa ńkọ́? A máa ń sọ pé ọmọ Yorùbá kì í sùn síta. Ẹni tó ti ń sùn sórí àga ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ láti oṣù kẹrin, tí aṣọ rẹ̀ wà nínú búùtù mọ́tò, kí la fẹ́ pè é? Irú rẹ̀ kì í sí nínú òǹkà 771,480 yẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí wa ń pín ìrẹsì lọ́jọ́ Sátidé, a kí wọn. Àmọ́ òfin ti ní kí Continuum of Care máa pe ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ní gbangba, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì wáyé ó kéré tán lẹ́ẹ̀méjì. Kí pásítọ̀ àti lèmọ́mù yan èèyàn lọ.

Kí àwọn ìgbìmọ̀ náà sì gbé máàkì gbogbo àjọ síta, pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kí orúkọ tó dé Washington, kí ẹni tó ṣubú lè fèsì. Kí wọ́n yé pe ìpàdé sí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Tuesday. Ní aago yẹn, nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ òru ń sùn, ẹni tó sùn síta sì ń tò fún oúnjẹ.