Wíwo Ẹnu Àáké

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó dájú pé àpáta á bu àáké lẹ́nu, síbẹ̀ oyin là ń wá lọ. Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn lánàá, nígbà tí àbúrò mi kan tún fi ìwé orí fóònù ránṣẹ́ sí mi, èyí tó ní èèyàn lè borí ìbẹ̀rù láàárín ọjọ́ 7. Ìkejìlá rèé lọ́dún yìí.

N ò bá ìwé jà. Òótọ́ pọ̀ nínú àwọn kan: ohun tí a bá ń sá fún, ńṣe ló ń tóbi sí i. Bí a bá ti sá báyìí, ara á tù wá, ìtura yẹn náà ló sì ń kọ́ wa pé ká tún sá lọ́la. Ohun tí wọn kì í kọ síbẹ̀ ni pé ìwé gan-an lè di ibi ìsápamọ́sí. Ojú ewé 40 péré, èèyàn á kà á tán kó tó sùn, àyà á kì, orí á wú. Ilẹ̀ á mọ́, kò ní ṣe nǹkan kan.

Mo jókòó ti àbúrò yìí lọ́jọ́ kan. Orí tó sọ̀rọ̀ ìgboyà ló ń kà, ó ń fi ìka kun gbólóhùn tó wù ú ní yẹ́lò. Ni fóònù bá dún lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá tó ti yẹ kó bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta ni. Ó tẹjú mọ́ orúkọ náà títí ó fi dún tán, ìwé padà wá sójú fóònù, ó sì ń kun gbólóhùn rẹ̀ lọ. Mo panu mọ́ lọ́jọ́ náà. N ò panu mọ́ mọ́.

Lọ́dún 1924, Mary Cover Jones, onímọ̀ nípa ìhùwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ ìtàn ọmọ kékeré kan tó pè ní Peter, tí ẹ̀rù ehoro ń bà. Kò sẹ́ni tó kàwé ìgboyà sí i létí. Wọ́n fún un ní oúnjẹ tó fẹ́ràn, wọ́n gbé ehoro sínú àgò lókèèrè, bó ti ń jẹun ni wọ́n ń sún un mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń jẹ́ kí ehoro fẹnu tọ́ ìka òun wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé ehoro, ehoro gan-an dà?

N ò ní kẹ́nikẹ́ni má bẹ̀rù o. Àgbà tó rí ejò tí kò sá, ara ikú ló ń yá a. Ẹni tí ìbẹ̀rù ò sì jẹ́ kó jáde nílé mọ́, dókítà ni kó lọ rí, kì í ṣe èmi, kì í ṣe PDF.

Ṣùgbọ́n ìwọ tí ìpè kan ṣoṣo ń já láyà, ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ìwé méjìlá lo kà, agbọ̀n ṣófo. Má fi ìkẹtàlá ránṣẹ́ sí mi. Orúkọ ọ̀gá yẹn ṣì wà nínú fóònù rẹ, pè é. Bí ohùn rẹ bá ń gbọ̀n, jẹ́ kó gbọ̀n. Bó o bá ṣe tán, kọ ohun tó sọ ránṣẹ́ sí mi. Ìyẹn ni màá kà.