Àtúnṣe DNS kì í “tàn ká” fún wákàtí 48

DNS ló ń sọ orúkọ wẹ́ẹ̀bù di àdírẹ́sì IP, ìyẹn nọ́ńbà sáfà tó wà lórí rẹ̀. Tí wọ́n bá yí àdírẹ́sì yẹn padà, ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ ni pé: ẹ ní sùúrù, ó di wákàtí 24 sí 48 kó tó tàn ká ayé. Irọ́ ni. Kò sí ẹni tó ń gbé àtúnṣe náà kiri. Gbàrà tí BIND, ètò tó ń dáhùn ìbéèrè DNS lórí sáfà yín, bá ti ka fáìlì zone tuntun, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn orúkọ àti àdírẹ́sì yín, ẹni tó bá bi í léèrè, èsì tuntun ló máa gbà. Ẹni tó ṣì ń rí ti àtijọ́, resolver rẹ̀, ìyẹn sáfà tó ń bá a wádìí, ló ti béèrè tẹ́lẹ̀, tó sì tọ́jú èsì. Bó ṣe máa tọ́jú ẹ̀ pẹ́ tó, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbẹ̀. TTL nìyẹn. Ẹ fi dig, àṣẹ tó ń bi sáfà DNS léèrè, wò ó:

dig @ns1.example.com www.example.com +noall +answer
www.example.com. 86400 IN A 192.0.2.10

86400 yẹn, ìṣẹ́jú àáyá ni: ọjọ́ kan gbáko. Ẹ wá bi resolver yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ó rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀: 51207, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 7, 51200. Ìgbà tó bá tán ló máa tó padà wá béèrè.

Nítorí náà, ó kéré tán ọjọ́ kan kí ẹ tó kó lọ sórí sáfà tuntun, ẹ sọ TTL di 300, ẹ fi 1 kún serial, ìyẹn nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà nínú fáìlì zone, kí ẹ wá yẹ fáìlì náà wò, kí BIND sì tún un kà:

named-checkzone example.com /etc/bind/db.example.com
rndc reload example.com

Ẹni tó dúró di ọjọ́ ìkólọ gan-an kó tó dín in kù ti pẹ́ jù. Èsì tó wà nípamọ́ ti gba 86400 tiẹ̀ lọ.

Serial yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ns1, sáfà àkọ́kọ́ yín, á máa sọ tuntun, ns2, sáfà kejì tó ń da zone kọ láti ọ̀dọ̀ ns1, á máa sọ ti àná, torí kò rí ìdí tó fi yẹ kó gba zone náà. Àwọn kan ń rí i, àwọn kan ò rí i, wọ́n á ní “kò tíì tàn ká.” Kò ní tàn ká láéláé, àfi tí ẹ bá tún serial ṣe! Ẹ bi sáfà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé orúkọ méjì ni serial:

dig @ns2.example.com example.com SOA +short

Ibi kan ṣoṣo tí wákàtí 48 ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni tí ẹ bá ń pààrọ̀ nameserver, ìyẹn sáfà tó ń dáhùn DNS yín, fún orúkọ tó parí sí .com. TTL tí àwọn sáfà .com fi sórí NS, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ orúkọ nameserver yín, jẹ́ 172800, ẹ ò sì lè dín in kù. Ẹ má pa sáfà àtijọ́ fún ọjọ́ 2 yẹn, kí àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ sì bá ti tuntun mu.