Ẹ yé yọ Thunderbird kúrò nítorí Trash

Bí Trash, fódà tí lẹ́tà tí ẹ pa ń lọ, bá kọ̀ tí kò ṣófo nínú Thunderbird (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gba ímeèlì, tí a sì fi ń kà á), ìmọ̀ràn tó yá lẹ́nu gbogbo ayé ni pé: "Yọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, kó o tún un fi sí i." Àárẹ̀ lásán nìyẹn.

Ibi tí Thunderbird fúnra rẹ̀ wà yàtọ̀ sí ibi tó ń kó lẹ́tà sí. Lórí Windows, bí ẹ bá gbà á láti ojúlé tirẹ̀, inú Program Files ló ń gbé. Àwọn lẹ́tà, àkáǹtì àti gbogbo ohun tí ẹ ti yàn wà nínú fódà Profiles, lábẹ́ AppData. Ẹ yọ Thunderbird, Profiles ò bá a lọ. Ẹ dá a padà, inú Profiles yẹn náà ló ń lọ tààrà, ó sì bá Trash tó bàjẹ́ níbẹ̀.

Fáìlì méjì ni Trash lórí kọ̀ǹpútà. Èyí tó ń jẹ́ Trash lásán ló gbé lẹ́tà, Trash.msf jẹ́ àkójọ tó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àkójọ yìí ló sábà máa ń dàrú. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ Trash, ẹ yan Properties, ẹ tẹ Repair Folder. Bí kò bá gbọ́, ẹ pa Thunderbird dé pátápátá, kí ẹ wá yọ Trash.msf nìkan. Òmíràn ni yóò kọ nígbà tí ẹ bá ṣí i padà. (Inbox wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án o!)

Àwọn kan tún ń bínú pé àwọn ti pa lẹ́tà rẹpẹtẹ, ààyè kò sì pọ̀ sí i. Lẹ́tà tí ẹ pa ṣì wà nínú fáìlì, àmì ìparẹ́ nìkan ló wà lára rẹ̀, àfi tí ẹ bá tẹ Compact lórí fódà náà.

Ti IMAP, ìyẹn ọ̀nà tí lẹ́tà fi ń wà lórí sáfà (kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín tọ́jú ímeèlì), yàtọ̀ díẹ̀: orí sáfà náà ni Trash tòótọ́ wà. Gmail, fún àpẹẹrẹ, ń pa ohun tó bá ti lo ọjọ́ 30 níbẹ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀. Bí lẹ́tà tí ẹ pa kò bá dé Trash rárá, ẹ wo Server Settings nínú Account Settings, níbi tí wọ́n kọ "When I delete a message" sí. Ó lè jẹ́ fódà mìíràn ni wọ́n yàn, tàbí "Remove it immediately". Inú Profiles náà ni yíyàn yẹn wà.