Ẹ yé fi àyẹ̀wò ìtọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ra oògùn áyódìn

Lánàá, màmá kan ládùúgbò wa ní Kubwa na ìwé àyẹ̀wò sí mi. "Áyódìn ti tán lára mi, ọmọ mi. Wò ó, 62 ni wọ́n rí nínú ìtọ̀ mi." Màmá ti ra ìgò méjì oògùn tí à ń kán sínú omi. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọdún kọkànlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ làábù ní Àbújá nìyí, mi ò lè ka iye ẹni tí mo ti sọ ọ́ fún: ìtọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ò lè sọ fún ẹnì kan pé áyódìn rẹ̀ kò tó.

Áyódìn ni èròjà inú oúnjẹ tí ẹṣẹ́ iwájú ọ̀fun (thyroid) fi ń ṣiṣẹ́. Nínú èyí tí a bá jẹ, bí ìdá 90 nínú 100 ló ń bá ìtọ̀ jáde láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ohun tí ẹnu ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ni ìtọ̀ ń sọ, kì í ṣe èyí tí ara kó pamọ́ sínú ẹṣẹ́ iwájú ọ̀fun. Ẹ tún wo omi. Ẹni tó mu píọ̀ wọ́tà mẹ́rin nínú ooru oṣù kẹta, ìtọ̀ rẹ̀ á ṣàn, iye áyódìn inú rẹ̀ á wálẹ̀. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, tirẹ̀ á ki, á sì lọ sókè.

Mo fi ara mi dán an wò. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi ń gba ìtọ̀ mi sínú ike, mo ń kọ ọjọ́ àti aago sí i lára. Ọjọ́ kìíní, áyódìn inú rẹ̀ jẹ́ máíkírógíráàmù 71 nínú lítà kan. Ọjọ́ kẹrin, lẹ́yìn ẹyin àti ẹja Titus, 214. Ọjọ́ kẹfà, 96. Ọwọ́ kan náà, ẹ̀rọ kan náà. Èwo ni kí n gbà gbọ́ níbẹ̀?

Iṣẹ́ náà gan-an ẹlẹgẹ́ ni. Ọ̀nà tí Sandell àti Kolthoff, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì, là sílẹ̀ ní 1937 la ṣì ń tẹ̀lé: a ó se ìtọ̀ náà títí ìdọ̀tí inú rẹ̀ á fi jó tán, a ó da sérìọ́mù, kẹ́míkà aláwọ̀ ìyeyè kan, sí i. Bí áyódìn bá ṣe pọ̀ tó ni ìyeyè náà ṣe ń tètè ṣá. Nọ́ọ̀sì kan fi áyódìn pa ojú egbò, ó sì fi ọwọ́ yẹn kan náà dé ike ìtọ̀ kan fún wa. Kí n tó wo aago, ìyeyè ti pòórá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ló ní 100 sí 199 máíkírógíráàmù nínú lítà kan ló dára, 150 sí 249 fún aláboyún. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n àárín fún ọ̀pọ̀ èèyàn pa pọ̀ ni wọ́n pè é. Tí a bá fẹ́ mọ ti ẹnì kan, àfi ká gba ìtọ̀ rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ má sọ fún mi pé àìtó áyódìn ló dé tó fi ń rẹ̀ yín, tí irun yín ń já. Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dáa, bí iye náà bá ń wálẹ̀ léraléra, kí dókítà wò ó.

Àpọ̀jù áyódìn náà ń da ẹṣẹ́ ọ̀fun rú, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Láti 1993 ni wọ́n ti ń fi áyódìn sí iyọ̀ ní Nàìjíríà, iyọ̀ yìí kan náà sì ni Màmá fi ń sebẹ̀. Mo gba ìgò méjèèjì lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ Ajé, èmi fúnra mi ni màá mú Màmá lọ bá dókítà kó fọwọ́ kan ọ̀fun wọn, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ fún TSH, àyẹ̀wò tó ń fi hàn bí ẹṣẹ́ ọ̀fun ṣe ń ṣiṣẹ́ sí.