Ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ọkọ̀

Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè tí ẹ̀gẹ́ ti ń jáde jù lọ ní gbogbo àgbáyé, ó tó bí 60 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dọọdún, àwọn àgbẹ̀ olóko kékeré ló sì ń gbin èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Síbẹ̀, nígbàkúùgbà tí ìjọba bá ní òun fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ajílẹ̀ àti igi ẹ̀gẹ́ tuntun ni wọ́n máa ń kó wá, bí ẹni pé ohun tó ń dun àgbẹ̀ kò ju kí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ta dáadáa lọ.

N kò bá wọn jiyàn lórí igi ẹ̀gẹ́ o. Iṣẹ́ ribiribi ni àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ti ṣe láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí wọ́n mú irú ẹ̀gẹ́ tí àrùn kì í tètè mú jáde. Lójú tèmi, ìgbà tí a bá ti fa ẹ̀gẹ́ náà tu tán ni ìyọnu ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò rin ín láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ yóò ti máa dúdú. Omi ló sì kọjá ìdajì ìwọ̀n rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ tútù bíi tọ́ọ̀nù mẹ́rin sí márùn-ún ni a ń lò kí a tó rí tọ́ọ̀nù gàrí kan. Omi gan-an ni à ń san owó ọkọ̀ lé lórí. Àgbẹ̀ tí ọ̀nà oko rẹ̀ ti bàjẹ́ kò lẹ́nu láti yọwó: iye tí ọlọ́kọ̀ bá pè ni yóò gbà.

Nígbà tí ìjọba Ọbásanjọ́ gbé ètò ẹ̀gẹ́ kalẹ̀ ní ọdún 2002, àwọn àgbẹ̀ jẹ́ ìpè náà, wọ́n gbìn ín rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀gẹ́ fi pọ̀ ju olùrà lọ, tí owó rẹ̀ já wálẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńláńlá tí wọ́n máa ń fi dá wa lóhùn kò tó gbára lé, nítorí pé nígbà tí gàrí bá wọ́n, ọ̀dọ̀ àwọn aláyan gàrí ni ẹ̀gẹ́ ń lọ, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ á sì dákẹ́. N kò lè dá àgbẹ̀ lẹ́bi fún ìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ fi owó ajílẹ̀ ṣe ọ̀nà oko, kí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́, jákì tí a fi ń fún omi rẹ̀, àti ààrò tí èéfín rẹ̀ ń gba òkè jáde sí abúlé tí ẹ̀gẹ́ ti ń jáde (ẹni tó bá ti jókòó ti agbada gàrí rí mọ irú èéfín tí mò ń sọ). Obìnrin ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ń kọ orúkọ àwọn tí yóò gba ìrànwọ́ fún àgbẹ̀, ẹni tó ni ilẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ sílẹ̀.