Ẹgbẹ́ Abẹnu-Àtẹ́-Lù

Nínú máíkírà tí mo wọ̀ láti Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, rédíò ń ka ìròyìn. Wọ́n ní ẹgbẹ́ alátakò ti bẹnu àtẹ́ lu ìjọba àpapọ̀. Ohùn tí wọ́n fi ń túfọ̀ ọba ni ọmọ náà fi kà á. Awakọ̀ wa yí jíà, ó ní, "Wọ́n lù ú? Ṣé ó dùn ún?" Ìyá kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì lé itan lẹ́yìn dá a lóhùn pé, "Ẹnu ni wọ́n fi lù ú, ọmọ mi, kì í ṣe kùmọ̀. Ẹni tí wọ́n fi ẹnu lù, ṣé ojú rẹ̀ ń wú ni?" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà bá délé.

Ẹ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Àtẹ́ ni oúnjẹ tí kò níyọ̀. Ọbẹ̀ tó tẹ́ ni ìyàwó tuntun máa ń sè lọ́jọ́ tí ìyá ọkọ bá dúró tì í lẹ́yìn. Nígbà tí àwọn baba wa ní kí a bẹnu àtẹ́ lu nǹkan, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí a tọ́ ọ wò, kí a fajú ro, kí a sọ fún ẹni tó sè é pé kò ṣeé jẹ, kó gbé e padà sórí iná. Àwọn alátakò tiwa ti rí ọ̀nà mìíràn gbé e gbà. Wọ́n á tọ́ ọbẹ̀ wò, wọ́n á ní ó tẹ́, wọ́n á wá rọra béèrè bóyá ó ṣì ku díẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò.

Ó ti di àṣà, ó gbòde bí ankárá ọdún. Bí wọ́n ṣe ń rán an kò le rárá. Ìjọba á ṣe ohun tó bá wù ú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Tó bá di Ọjọ́rú, agbẹnusọ ẹgbẹ́ á jí, á mu tíì, á jókòó ti kọ̀ǹpútà. "Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn ni a fi gbọ́ pé..." Ìbànújẹ́ ni wọ́n máa ń kọ, wọn kì í kọ ìbínú, nítorí orúkọ ẹni tó bá bínú lè má jáde nígbà tí wọ́n bá ń pín nǹkan. Ìpínrọ̀ kejì á gbóṣùbà fún Ààrẹ pé ó ń gbìyànjú. Ìkẹta á rọ̀ ọ́, á rọ̀ ọ́, á rọ̀ ọ́ títí ìwé á fi rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n á ti ní àwọn fún ìjọba ní ọjọ́ méje péré. Ọjọ́ keje á pé, a ò ní gbọ́ kíníkan. Ọjọ́ kẹjọ, méjì nínú àwọn tó fọwọ́ síwèé náà á ti wà l'Abuja níbi ìgbéyàwó ọmọ mínísítà. Aṣọ ẹbí ló máa wà lọ́rùn wọn.

Kì í ṣe pé a ò mọ àtakò ní ilẹ̀ yìí. Awólọ́wọ̀ ṣe é ní ilé aṣòfin l'Ékòó lẹ́yìn ìbò ọdún 1959. Nígbà tó di 1981, ó kìlọ̀ fún Ààrẹ Ṣàgàrí pé ọkọ̀ Nàìjíríà ń lọ forí sọ àpáta. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó dá méjì, ìjọba kan náà ti ń fòfin dín ọjà tó ń wọlé láti òkè òkun kù. Bọ́lá Ìgẹ́ ní tirẹ̀ sọ pé "siddon look" ni òun máa ṣe lásìkò Abacha. Ìjókòó tó nítumọ̀ ni, oúnjẹ wọn ló kọ̀. Àwọn ti ìsinsìnyí náà jókòó, wọ́n sì ń wò lóòótọ́, abọ́ ni wọ́n ń wò.

Kí a má tiẹ̀ lọ jìnnà. Lọ́jọ́ kìíní ọdún 2012, ìrẹsì ọdún ṣì wà lẹ́nu wa nígbà tí ìjọba Jonathan gbé lítà epo bẹntiróòlù láti náírà 65 lọ sí 141. Ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì parí tí Òjóta l'Ékòó fi kún fọ́fọ́ fún ìwọ́de. Asíwájú Tinúbú fúnra rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ gígùn jáde, ó fi bá Jonathan wí. Láì Mohammed ni agbẹnusọ ACN, ẹgbẹ́ Tinúbú, nígbà yẹn. Bí Jonathan bá sín lówùúrọ̀, kó tó rí áńkáṣíìfù nu imú, Láì ti gbé ìwé jáde. Owó epo padà sọ̀ kalẹ̀ sí 97. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n da ẹgbẹ́ wọn pọ̀ di APC, nígbà tó sì di 2015, wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá PDP, ẹgbẹ́ alábùradà, jáde ní Aso Rock. Ẹgbẹ́ tí alága rẹ̀, Vincent Ogbulafor, fọ́nnu lọ́dún 2008 pé ọgọ́ta ọdún ni àwọn máa lò lórí àlééfà! Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n rí lò.

Ṣé ẹ rí i, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ lé èèyàn kúrò lórí àga ló jókòó sórí àga báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn ta ayò, kó yáa mọ̀ pé àwọn ló gbẹ́ ọpọ́n. Ta ló wá jókòó síwájú wọn nídìí ọpọ́n? Ẹni tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun ta tòun náà.

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ tuntun kò tíì kúrò níbi ìbúra tó fi sọ fún wa pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí kò tó 200 náírà di nǹkan bíi 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan l'Abuja. Àwọn tó tú jáde sígboro ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ọ̀dọ́ ni wọ́n, wọn ò gba káàdì ẹgbẹ́ kankan. Kí n yọ ẹ̀rín kúrò lẹ́nu díẹ̀ níbí. Nígbà tí wọ́n kó àwọn tí wọ́n mú dé kóòtù l'Abuja ní oṣù kọkànlá, ọmọdé wà nínú wọn, àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà sì ṣubú lulẹ̀ níwájú adájọ́. Ìwé ìbẹnu-àtẹ́-lù tó jáde lọ́jọ́ yẹn, ẹ lè fi wé mọ́ínmọ́ín. Mi ò rí alátakò ńlá kan tó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà kóòtù títí wọ́n fi tú wọn sílẹ̀.

Wọ́n á ní àwọn ò ní agbára. Agbára wo? Nínú ìbò ọdún 2023, Tinúbú ní 8,794,726. Atiku ní 6,984,520, Obi ní 6,101,533. Ẹ ro ti àwọn méjì ìkẹyìn pọ̀, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàlá. Èèyàn tó bá ní mílíọ̀nù mẹ́tàlá lẹ́yìn tó ń sọ pé òun ò lẹ́nìkan, wàhálà rẹ̀ ju ti ìdìbò lọ.

Ẹ wo ti Rivers. Lọ́jọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2025, Ààrẹ kéde ìjọba pàjáwìrì níbẹ̀, ó ní kí Gómìnà Fubara, igbákejì rẹ̀ àti àwọn aṣòfin lọ rọọ́kún nílé fún oṣù mẹ́fà. Ìwé òfin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin àpapọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ohùn ni wọ́n fi dìbò. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà ńkọ́?" "A gbà o!" Etí ni wọ́n fi ka orí, ó sì pé géérégé. Àwọn díẹ̀ bíi Seriake Dickson kọ̀ jálẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Bí ìyókù bá sọ pé àwọn ò gbà, ohùn wọn ò dé Ìbàdàn.

Ìpínlẹ̀ mọ́kànlá tí PDP ń darí wá pẹjọ́ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Inú mi dùn, mo ní ó kúkú yá. Àṣé kí n má tíì pàtẹ́wọ́. Ní oṣù kẹrin, gómìnà Delta kó ẹrù rẹ̀ lọ APC, òun àti Okowa tó bá Atiku gbé àpótí gẹ́gẹ́ bí igbákejì lọ́dún 2023. Ní oṣù kẹfà, ti Akwa Ibom tẹ̀ lé wọn. Ní oṣù kẹwàá, ti Enugu. Ńṣe ni olùpẹ̀jọ́ ń yọ́ lọ sílé olùjẹ́jọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó gbọ́ òórùn ìrẹsì ìkómọ. Nígbà tọ́dún ń parí lọ, Fubara fúnra rẹ̀, ẹni tí wọ́n tìtorí ẹ̀ lọ sí kóòtù, òun náà ti kó lọ.

Ti Nyesom Wike ló tún wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. PDP ni, mínísítà APC sì ni láti oṣù kẹjọ ọdún 2023. Ó dà bí obìnrin tó ti lọ fẹ́ ọkọ mìíràn tó kọ̀ láti dá kọ́kọ́rọ́ ilé ọkọ àárọ̀ padà. Òun ló ṣì ń pinnu ẹni tó máa sùn nínú yàrá. Ó lé ní ọdún méjì kí wọ́n tó lè lé e, ìyẹn níbi ìpàdé ńlá tí ẹgbẹ́ ṣe ní Adamásingbà níbí, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Kóòtù kan l'Abuja ní kí wọ́n má ṣèpàdé náà, kóòtù kan n'Íbàdàn ní kí wọ́n máa ṣe é lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n padà dé oríléeṣẹ́ wọn ní Wadata tí igun méjèèjì forí gbárí, tí ọlọ́pàá sì yin tajútajú. Mo wo fídíò yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i kí ojú alátakò wa pọ́n, tajútajú ló sì fà á.

Ẹ má bi mí ní ti Labour Party, ó pẹ́ tí wọ́n fi ń wá ẹni tó jẹ́ alága wọn. ADC tí David Mark àti Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbà ní oṣù keje ọdún 2025 ńkọ́? Ọbẹ̀ àná ni, wọ́n gbé e gbóná.

Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, mo mọ̀, mo sì mọ ìdí. Fáìlì wà ní EFCC. Adams Oshiomhole ti là á mọ́lẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́dún 2019, nígbà tó jẹ́ alága APC, pé ẹni tó bá ti wọlé sọ́dọ̀ àwọn, a ti darí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í. Ẹni tí fáìlì rẹ̀ sanra kò lè pariwo, àfi kó máa rọni.

Àbí ẹ rò pé Abuja nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é? Onílé wa fi ìlọ́po méjì lé owó ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. A ṣèpàdé lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ní kí gbogbo wa dìde lọ bá bàbá nílé. Wọ́n ní rárá, mo ti le jù, ẹ jẹ́ ká kọ̀wé. Akọ̀wé wa bẹnu àtẹ́ lu owó ilé náà ní ojú ewé mẹ́ta. Bàbá kà á tán, ó ní ọmọ tó kọ èyí mọ̀wé gan-an ni. Ó fi akọ̀wé wa ṣe kẹ́ẹ̀tékà.

Sátidé tó kọjá ló wá gba owó tèmi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, mi ò kúrò nínú ẹgbẹ́ ayálégbé. Inú lọ́hùn-ún ni mo ti ń bá yín jà." Ó wá ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì.