Ẹ fi ìṣirò ìbò kọ́ àwọn ọmọ wa

Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin 21 jókòó l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, lórílẹ̀-èdè Benin wa, wọ́n fẹ́ mú àwọ̀ aṣọ ẹbí. Àwọn 8 ní pupa, tí ò bá sí pupa kó jẹ́ àwọ̀ ewé, búlúù ló gbẹ̀yìn. Àwọn 7 ní búlúù, ewé ló tẹ̀ lé e, pupa ló gbẹ̀yìn. Àwọn 6 tó kù ní ewé, lẹ́yìn ẹ̀ búlúù, àwọn náà ò fẹ́ rí pupa. Tẹ́ ẹ bá ní èyí tí ọwọ́ tó nà sókè fún un pọ̀ jù ló wọlé, pupa ni, bẹ́ẹ̀ èèyàn 13 ni ò fẹ́ ẹ rárá. Tẹ́ ẹ bá wá dìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì láàárín pupa àti búlúù, bá a ṣe ń yan ààrẹ wa, búlúù á fi 13 na 8. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ewé kojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á na pupa ní 13 sí 8, á na búlúù ní 14 sí 7! Àwọn obìnrin yẹn náà ni o, ọkàn wọn ò yí padà.

Condorcet, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ti kọ̀wé lórí irú ìṣirò ìbò yìí láti 1785, Kenneth Arrow, onímọ̀ ọrọ̀ ajé l'Amẹ́ríkà, náà ṣe tiẹ̀ ní 1951, wọ́n fún un ní Nobel ní 1972. Títí dòní àwọn profẹ́sọ̀ ìṣirò ń ṣèwádìí ẹ̀, wọ́n ń fi kọ́ọ̀yàn pẹ̀lú game theory, ìyẹn kéèyàn máa ro ohun tí ẹnìkejì máa ṣe kó tó ṣe tiẹ̀, bí ẹni ń ta ayò. Àwọn 8 onípupa yẹn, tí wọ́n bá ti mọ̀ pé búlúù ló máa jẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á yáa gbé ìbò wọn fún ewé látìbẹ̀rẹ̀.

Nínú ìbò ààrẹ wa, ní 1996 Soglo ló ṣíwájú nígbà àkọ́kọ́, Kérékou ló wọlé nígbà ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ní 2016 Zinsou ló ṣíwájú, Talon ló wọlé. Ẹni tí ò mọ ìṣirò aṣọ ẹbí yìí á ní wọ́n jí ìbò ni, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló sì ń dájà sílẹ̀ láàárín ará ilé kan náà.

Ohun tá a fẹ́ ni pé kí wọ́n máa kọ́ ọ ní gbogbo lísè (ilé ẹ̀kọ́ girama) wa, l'Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì fi Yorùbá àti Gùn ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn ìyá ọjà, ìròpọ̀ àti ìyọkúrò lásán ni. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ìṣirò wà ní Dangbo, kò jìnnà sí wa, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀. Àwọn dépútè, ìyẹn àwọn aṣòfin, tó ń jókòó nílùú wa yìí ńkọ́? Kí wọ́n tó tún fọwọ́ kan òfin ìbò, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìbò tá a ti dì kọjá ṣe ìṣirò ẹ̀ sójú pátákó, ká rí ẹni tí ì bá wọlé àti ẹni tí ì bá já.